Òbí Tí Ọmọ Ò Gbọdọ̀ Já Ní Koro

Wọ́n ti ṣèlérí ipò igbákejì ọ̀gá fún Olójú-mẹ́rin, bí wọ́n ṣe ń pè é nítorí awò ojú rẹ̀, tó bá lè parí èdè tuntun tí wọ́n á máa fi pàṣẹ fún kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ó tiẹ̀ ti lọ wọn fèrèsé yàrá igbákejì ọ̀gá torí kọ́tìnì.

Nínú èdè náà, gbogbo ohun tí èèyàn bá dá, ọmọ ni. Òbí kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ní, ìwà rẹ̀ ni wọ́n sì ń jogún. Bí èèyàn bá ní kí Òbí sọ irú ẹni tó jẹ́, á fèsì. Ọmọ tí ò bá ní èsì tirẹ̀, ti Òbí ló máa sọ. Ọjọ́ tí Olójú-mẹ́rin ń dán èyí wò, ọ̀gá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìsinmi dù ú ni. Inú ń bí i burúkú. Ohun tó wá sí i lẹ́nu ló kọ gẹ́gẹ́ bí èsì Òbí, Ìyá Ìbejì tí wọ́n jọ ń dán iṣẹ́ wò sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá dá àwọn ọmọ, kálukú pẹ̀lú èsì tirẹ̀, gbogbo nǹkan sì ń lọ geere.

Àríyànjiyàn kan ló kù.

“Ẹ jẹ́ kí ọmọ lè yí ohun tí Òbí bá sọ padà,” Ìyá Ìbejì ló sọ bẹ́ẹ̀. “Òbí náà lè ṣi ọ̀rọ̀ sọ.”

“Ó tì o!” Olójú-mẹ́rin dáhùn. “Ọmọ wo ló ń já òbí ẹ̀ ní koro? Èyí tó bá lóun ní ẹnu, èdè yìí á ṣe bí ẹni tí ò gbọ́. Tí mo bá ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ̀rọ̀ Òbí, èmi gan-an ò ní lè ṣí i.”

“Ẹ̀yin gan-an kẹ̀?”

“Èmi náà ni.”

Ọ̀gá ń kọjá lọ, táì há a lọ́rùn pinpin nínú ooru yẹn. Ó dúró.

“Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn! Bó ṣe yẹ kí gbogbo ọ́fíìsì yìí rí nìyẹn. Tì í pa, jàre.”

Ìyá Ìbejì ní kí àwọn tún dán an wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Olójú-mẹ́rin yọ ṣùtì sí i. Ṣebí àwọn ọmọ ti ń dáhùn dáadáa, kí ló tún kù? Ó tì í pa. Kí ilẹ̀ tó ṣú, èdè náà ti wà nínú ẹ̀rọ gbogbo oníbàárà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ fi han ayé, gbọ̀ngàn kún dẹ́nu. Olójú-mẹ́rin wọ kóòtù tuntun. Ìyá Ìbejì gba àga iwájú pátápátá. Ọ̀gá ní òun fúnra òun lòun máa kọ́kọ́ lò ó. Ó dá ọmọ kan, ó sọ ọ́ ní Ọ̀gá, ó kọ “Akíkanjú aṣáájú ni mí” sí i lẹ́nu, ó wá ní kó sọ irú ẹni tó jẹ́.

Èsì yọ gàdàgbà lára ògiri, “Ọ̀bọ tó wọ táì ni mí,” ọ̀gá sì rọra yíjú sí Olójú-mẹ́rin, ó ní kó yí i padà kíá.