Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá tí Akínfẹ́mi Fura Sí

Ìfura dára, èmi náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ti Akínfẹ́mi ti kọjá ìfura, ó ti di àrùn sí i lára. Bí o bá kí ọkùnrin yìí pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ọwọ́ rẹ bóyá o fi nǹkan pamọ́ sẹ́yìn. Bí aládùúgbò bá bu oúnjẹ fún un, ìyàwó rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ẹnu rẹ̀ kì í sì í yé wí pé, "Páńsá ò fura, páńsá jáná, àjà ò fura, àjà jìn."

Jakande Estate ní Ìsọlọ̀ ni òun àti Morọ́lá aya rẹ̀ ń gbé. Àjàó Estate ló ti ń ṣiṣẹ́, ní ilé ìkẹ́rùsí kan lẹ́bàá pápákọ̀ òfuurufú, òun sì ni olórí àwọn tó ń gbé ẹrù níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀ ba láti gbé páálí, ni ẹ̀yìn rẹ̀ bá há. Kò lè nàró mọ́. Táòfíkì, igbákejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ló gbé e dé ilé ìwòsàn.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Adétóun, tó ń fi eré ìdárayá wo ẹ̀yìn àti orúnkún, ló yẹ̀ ẹ́ wò. "Sà, iṣan ikùn yín àti ti ìbàdí ti dẹ̀," ló wí. "Ẹ̀yìn nìkan ló ń dá gbogbo ẹrù gbé. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré lójúmọ́, lórí ẹní nílé yín, fún ọ̀sẹ̀ méjìlá. Ẹ má gbé nǹkan kan o, títí n ó fi tún yẹ̀ yín wò."

Ó fi hàn án bí yóò ṣe fi ìgbọ̀nwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ gbé ara ró gbọọrọ, kí ikùn má kan ilẹ̀, àti bí yóò ṣe dùbúlẹ̀ kó máa gbé ìbàdí sókè. Akínfẹ́mi ń retí abẹ́rẹ́. Wọn ò gún un lábẹ́rẹ́ kankan, wọ́n ní kó máa lọ sílé. Ibi tó ti ń ṣe kàyéfì lọ́wọ́ ni Adétóun ti rí Táòfíkì lẹ́nu ọ̀nà, tó bú sẹ́rìn-ín. "Táòfíkì, ẹ̀yìn ńkọ́?"

"A dúpẹ́, Àǹtí."

Háà! Wọ́n mọra wọn! Ojú ẹsẹ̀ ni Akínfẹ́mi parí ẹjọ́ nínú ọkàn rẹ̀. Kí òun wà nílé fún ọ̀sẹ̀ méjìlá, kí òun máa gbé ìdí sókè sódò, kí Táòfíkì fi ráyè jókòó sórí àga òun dáadáa. Ó ní, "Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn, ó fi ẹ̀gún sọ́wọ́."

Láràárọ̀ ni Morọ́lá ń tẹ́ ẹní. "Bàbá Tẹ́ní, ó ti tó àsìkò."

"Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ẹ̀yìn yín ló rán mi."

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Akínfẹ́mi ti rí nọ́ńbà Adétóun nínú fóònù ìyàwó rẹ̀. Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani, ló sọ fún ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí, á nà gbalaja sórí ẹní, á máa fi ohùn rara kà á: "Ọ̀kan! Èjì! Ẹ̀ta!" Á tún máa mí hẹlẹhẹlẹ kí Morọ́lá lè gbọ́ láti ilé ìdáná. Ẹ wo àgbàlagbà tó ń fi èémí purọ́! Morọ́lá sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, Táòfíkì gbé ọsàn wá kí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìdárayá yẹn ṣeré. Ẹ̀yìn tèmi náà há lọ́dún tó kọjá, òun ló dá mi padà. Ẹ fara balẹ̀, àyè yín wà níbẹ̀."

Kò pẹ́ tó jáde tí Akínfẹ́mi da ọsàn náà sínú ìdọ̀tí. Ẹ fara balẹ̀ kẹ̀? Ta ló ń sọ bẹ́ẹ̀ fún onílé, bí kò ṣe ẹni tó ti gba ilé? Kò lè sùn dáadáa mọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Morọ́lá lọ síbi iṣẹ́, òun náà wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó di Àjàó Estate. Ó fẹ́ ká Táòfíkì mọ́ orí àga rẹ̀.

Ó bá Táòfíkì tó ń fi ìwé àti bírò ṣàmì sí ẹrù, iṣẹ́ olórí gan-an.

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ káàbọ̀. Ṣé wọ́n ti ní kí ẹ máa bọ̀?"

"Kí ló kàn ọ́ níbẹ̀? Ara mi ti le." Ó kọjú sí páálí tó tóbi jù, ó tẹ̀ ba.

Táòfíkì ju ìwé sílẹ̀, ó sáré. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ fi sílẹ̀!"

Akínfẹ́mi rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀. Mo mọ̀ pé o ò ní fẹ́ kí n gbé e."

Ó gbé e. Páálí dé orúnkún, nǹkan já ní ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì ṣubú lulẹ̀. Wọ́n ń fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, kò mọ̀ ọ́n lára.

Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ṣùgbọ́n ọ̀pá ló kù tí yóò máa fi rìn, dókítà sì kọ ọ́ sínú ìwé pé kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ ẹrù mọ́ láéláé. Ọ̀gá wọn wá bá a létí ibùsùn. "Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fi ipò rẹ lọ Táòfíkì," ni ọ̀gá wí, "ẹ̀ẹ̀mejì ló kọ̀ ọ́. Ó ní òun ń dá a dúró dè ọ́ ni. Ní báyìí, mo ti fi dandan gbé e fún un."

Ní ìrọ̀lẹ́, Táòfíkì wá, ó fi apá gbá a mú, ó gbé e jókòó, ó to ìrọ̀rí sí i lẹ́yìn. Akínfẹ́mi wo ojú rẹ̀ títí, ó ń wá ẹ̀tàn ibẹ̀.

"Táòfíkì, kí lo ń wá lọ́wọ́ mi gan-an?"

Táòfíkì ò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rọra dáhùn pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí ló kù lọ́wọ́ yín?"

Akínfẹ́mi bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ jẹ́ ká fi kọ́gbọ́n. Ìfura loògùn àgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń mu oògùn ju ìwọ̀n, oògùn náà ni yóò pa á. Kí á tó pe ènìyàn lọ́tàá, kí á wádìí. Bí wọ́n bá sì fi ọ̀nà ìlera hàn wá, bó ti wù kó kéré tó, kí á ṣe é tọkàntọkàn, nítorí ẹni tó bá ń ka iye ohun tí kò ṣe, ara rẹ̀ ló ń rẹ́ jẹ. Àṣejù ni baba àṣetẹ́.