Ayálégbé Yàrá Ẹ̀yìn

Títí di ọ̀sán Tọ́sìdeè, ilé mẹ́rin ni wọ́n ti lé téló náà kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin tí kò lọ́kọ nílé, tó pọn ọmọ, tó tún fẹ́ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọlé, ta ni yóò gbà á? Bẹ́ẹ̀, ní Sátidé ni onílé ibi tó ń gbé máa da ẹrù rẹ̀ síta.

"Ó ku ilé kan," ni éjẹ́ǹtì wí. Kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ tó dé ìlú náà, àmọ́ ẹnu rẹ̀ ti ju ti àwọn tí wọ́n bí síbẹ̀. "Ilé tó wà lẹ́yìn ilé ìfìwéránṣẹ́ yẹn."

Téló dúró. "Kò tún sí òmíràn, sà?"

"Ojú ń pọ́n ẹ, o tún ń ṣe fáàrí."

Ẹnu ọ̀nà ilé náà kúrú. Éjẹ́ǹtì forí gbá igi òkè rẹ̀. Téló ti tẹ orí wálẹ̀ kó tó débẹ̀. Onílé jókòó sórí àga, obìnrin gbígbẹ kan tó máa ń wo èèyàn bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ta ẹ̀fọ́ rírọ fún. Téló kúnlẹ̀ kí i. Éjẹ́ǹtì ni obìnrin náà wò.

"Kí ló ń ṣe?"

"Ó ń ránṣọ ni, mà."

"Ẹni tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ ló ń sọ pé òun ń ránṣọ. Dẹ́rẹ́bà yẹn ńkọ́?"

Éjẹ́ǹtì kò rántí pé òun dárúkọ dẹ́rẹ́bà kankan.

"Ó ti lọ, mà," ni téló fèsì.

"Olórí kunkun máa ń fojú ara rẹ̀ rí i ni." Onílé yọjú wo ẹ̀yìn téló. "Ọmọ oṣù mélòó nìyẹn?"

"Oṣù mẹ́jọ, mà."

Onílé wo ọmọ náà díẹ̀, ó gbójú kúrò. "Kò gbọdọ̀ kan ìṣó mọ́ ògiri mi. Kò gbọdọ̀ gbàlejò. Owó oṣù mẹ́fà ni n ó gbà, n ò sì ní yọ nǹkan kan níbẹ̀."

Wọ́n lọ wo yàrá ẹ̀yìn. Kọ́kọ́rọ́ yí, ilẹ̀kùn kò ṣí. Éjẹ́ǹtì fèjìká tì í títí ó fi làágùn. Téló gbé e sókè díẹ̀, ó ṣí. Kò tiẹ̀ wo inú yàrá náà kó tó sọ pé òun gbà á.

Éjẹ́ǹtì wá fa fọ́ọ̀mù rẹ̀ yọ, èyí tó ń gbé kiri bíi pé ìjọba ló fún un. Ó béèrè orúkọ onílé, ó kọ ọ́ sókè. Ó kọ ti téló, ó kọ iye ọmọ.

"Orúkọ ìyá ayálégbé? Ìyá ẹni la máa ń ké sí tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀."

Téló wo onílé.

"Kó kọ ohun tó bá wù ú," ni onílé wí, ó kọjú sí fèrèsé.

Téló gba bíírò, ó kọ ọ́, ó dá fọ́ọ̀mù padà, éjẹ́ǹtì sì kà á lẹ́ẹ̀mejì: orúkọ tí òun ti kọ síwájú "onílé" ló tún wà níwájú "ìyá".