Oníbúrẹ́dì Tó Fi Oorun Ọmọ Rẹ̀ Ṣe Yẹ̀yẹ́

Ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ẹnu rẹ̀ kò ní ìjánu. Ohun tí kò bá ṣe é rí, irọ́ ni lójú rẹ̀. Nítorí pé ó máa ń jí dáná kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sọ ara rẹ̀ ní Ajíṣáájú-Àkùkọ, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ilé búrẹ́dì rẹ̀. Kò sí oníbàárà tó lè ra búrẹ́dì níbẹ̀ láìgbọ́ ìwàásù nípa ọ̀lẹ.

Ó ní ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì àṣekágbá. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti jẹ́ ọ̀rẹ́ bàbá rẹ̀. Bí bàbá bá dápàárá, òun ló ń kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó bàlágà, oorun òjijì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Á máa jẹun lọ́wọ́, ṣíbí á bọ́. Bó bá sì rẹ́rìn-ín dénú, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀, á ṣubú lulẹ̀, ojú rẹ̀ á sì là kedere.

“Eré tíátà ni,” bàbá rẹ̀ wí. Ó fi ọmọ náà jẹ Ìyálóde Ìrọ̀rí, ó sì ń kígbe oyè náà lójú àwọn oníbàárà. Bí ọmọ náà kò ṣe rẹ́rìn-ín lójú bàbá rẹ̀ mọ́ nìyẹn.

Olùkọ́ rẹ̀ ránṣẹ́ wá pé bó bá tún sùn ní kíláàsì, kò ní ṣe ìdánwò àṣejáde. Ìyá rẹ̀ bẹ ọkọ.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Oorun yìí kọjá oorun.”

“Dókítà wo ló ń wo ọ̀lẹ sàn? Fóònù ló ń tẹ̀ mọ́jú.”

“Mi ò ní fóònù, bàbá mi,” ọmọ náà wí. “Ẹ ti gbà á lọ́dún tó kọjá.”

“Á jẹ́ pé ó yá ti ẹlòmíì nìyẹn.”

Ajíṣáájú-Àkùkọ wá tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà yàrá ọmọ, ó ń ṣọ́ ọ lálaalẹ́ kó lè ká fóònù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọmọ ń sùn, ó ń ta jí, ó tún ń sùn. Bàbá kò fojú kan oorun. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ mọ́, ìdí ààrò ló ń gbà lọ. Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Ọ̀sẹ̀ kò tíì parí tó fi ń bu iyọ̀ síbi tó yẹ kó bu ṣúgà.

Ilé ìwé ọmọ náà ní kí bàbá ṣe búrẹ́dì ìpàdé òbí. Nígbà tí olùkọ́ wá kó o, ó bá bàbá lórí àpò ìyẹ̀fun, ó ń hanrun lábẹ́ orúkọ tó kọ sára ògiri, gbogbo búrẹ́dì ti di èédú. Láti ọjọ́ náà, Balógun Ìrọ̀rí ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sì gba ibòmíràn lọ.

Kíá ló gbéra lọ sọ́dọ̀ dókítà nítorí oorun tirẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ mú ọmọ tẹ̀ lé e.

“Kò sí àìsàn lára yín, ẹ lọ sùn,” dókítà wí. “Ọmọ tó ń sùn lórí bẹ́ǹṣì yìí ńkọ́?”

Ìyá ọmọ ṣàlàyé ti oorun àti ti orúnkún. Dókítà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀.

“Àìsàn ló jọ o. A máa yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Láti ìgbà wo?”

“Ó ti lé lọ́dún méjì.”

“Tiyín ńkọ́, bàbá?”

“Ọ̀sẹ̀ kan,” Ajíṣáájú-Àkùkọ fèsì, ó sì tẹjú mọ́lẹ̀.

Ọmọ rí ìtọ́jú gbà. Ilé ìwé fún un láyè láti sùn díẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì ṣe ìdánwò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń jẹun, bàbá dá àpárá tó dùn jù lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ di etí tábìlì mú, ó fi eyín tẹ ètè rẹ̀.

“Rẹ́rìn-ín, ọmọ mi. Màá dì ọ́ mú.”

“Ẹ ṣeun, bàbá mi,” ọmọ náà wí. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni bàbá ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀kọ́ ìtàn yìí ni pé kí a tó pe ọmọ lọ́lẹ, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tó ń ṣe é, ká sì wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bí a bá fọwọ́ òsì bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún la fi ń fà á mọ́ra. Ẹni tó bá fi méjèèjì nà án kò ní rí ọwọ́ kankan fà á padà. Yẹ̀yẹ́ kì í wo àìsàn sàn. Ọmọ tí a bá fi ṣẹ̀sín yóò sàn lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ó lè má rẹ́rìn-ín lójú wa mọ́.