Oògùn Abiyamọ

Obìnrin náà ti páálí oògùn padà síwájú nọ́ọ̀sì ìfètòsọ́mọbíbí. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pààrọ̀ rẹ̀, mà.”

Nọ́ọ̀sì gbé páálí náà, ó wò ó síwá sẹ́yìn. “Kí ló dé? Àbí o máa ń gbàgbé àkókò tó yẹ kó o lò ó?”

“Rárá, mà. Tí fóònù mi bá ti dún báyìí, mo ti gbé e mì.”

“Ṣé nǹkan oṣù ló wá ń ṣe ségesège?”

“Kò ṣe bẹ́ẹ̀, mà.”

“Kí wá ni ẹ̀ṣẹ̀ oògùn? Àbúrò mi, oògùn abiyamọ nìyí, kì í da omi ọyàn láàmú rárá. Oríṣi kejì ló lè dín in kù.”

“Oríṣi kejì yẹn gan-an ni mo fẹ́.”

Nọ́ọ̀sì pàtẹ́wọ́, ó bú sẹ́rìn-ín. “N ò rírú èyí rí! Ṣé ọkọ mi kékeré yẹn ti gbọ́? Ẹni tó ń mu ọyàn títí tó fi ń làágùn lọ́jọ́sí!”

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́, ọmọ kan bú sẹ́kún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

“Ṣé o gbọ́? Ó ti ń fẹjọ́ ẹ sùn! Sáré lọ gbé e.”

Obìnrin náà kò dìde. Ibi méjì ti rin níwájú bùláòsì rẹ̀, omi náà sì ń ràn sí i. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bò ó.

“Ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn, mà. Tèmi ti lọ. Ọyàn mi ni kò tíì gbọ́.”