Ẹkún Tó Ṣí Omi

Ọjọ́bọ̀ ni àdúgbò wa máa ń wo fíìmù ìjọba. Bí a ò bá sunkún tó, ẹ̀rọ omi ò ní ṣí. Awò tí wọ́n dè mọ́ wa lójú ló ń wọn omijé.

Lónìí, Adégúnlẹ̀, ọmọ mi tí ọlọ́pàá yìnbọn pa níbi ìwọ́de, ni wọ́n fi ẹ̀rọ ayàwòrán sọ di òṣèré. Ojú rẹ̀ ni, ohùn rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ bí obìnrin níwájú gómìnà, ó ní kó dárí ji òun. Ọmọ tí mo kọ́ ní ìdọ̀bálẹ̀ kó tó mọ ìrìn-ín rìn!

Mo bú sẹ́kún.

Awò náà sọ̀rọ̀ sí mi létí: “Ẹ ṣeun, màmá. Fíìmù wa wọ̀ yín lọ́kàn gan-an.”

Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà níta. Àwọn aládùúgbò sáré gbé garawa. “Ìyá Adégúnlẹ̀,” ni wọ́n ń kí mi, “ẹ kú iṣẹ́ o.”