Pèrègún Tí Kò Kú

Díákónì sọ àdá mọ́ ìdí pèrègún tí bàbá rẹ̀ gbìn sí etí ilẹ̀ wọn, ó pòṣé. Nǹkan tó ti gé lọ́dún tó kọjá, tó wọ́ jù sẹ́yìn kíṣìnnì! Àti kùkùté, àti èyí tó jù nù, kò sí èyí tí kò rúwé. Láti ṣọ́ọ̀ṣì dé oríta Takie ni wọ́n ti ń bi í pé òrìṣà wo ló ń bọ, pásítọ̀ sì ń bọ̀ wá kí i lónìí.

"Igi burúkú! Òní ni wàá kú!" Ó hú u tigbòǹgbò-tigbòǹgbò.

Ìyá Haneefah tó ni ilẹ̀ kejì yọjú, òun àti bíríkìlà.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Díákónì. Fẹ́ǹsì la fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ káàbọ̀ mà. Ẹ bá mi yọ̀, mo ti hú u tán!"

"Háà! Ṣebí àwọn bàbá wa ní ibi tí pèrègún bá wà ni ààlà?" Ó wo ilẹ̀ gbalasa náà, ó wá wo ẹ̀yìn kíṣìnnì díákónì, níbi tí pèrègún ti tutù yọ̀yọ̀. "Bíríkìlà, ọ̀hún ni kí ẹ na okùn sí."

Nígbà tí pásítọ̀ wọlé, orí ìkúnlẹ̀ ló bá díákónì, tó ń fi ọwọ́ méjèèjì ti gbòǹgbò padà sínú ihò, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé, "Jọ̀ọ́, má kú."