Máàkì Mẹ́sàn-án Tí Evaristo Fún Ọmọ Rẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi ìtàn ránṣẹ́ láì kà á tán, ẹ dákun, ẹ ka èyí dé ìparí ná. Ó kàn yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kì í lè sùn bí rẹfirí bá ti fọn fèrè tí kò tẹ́ yín lọ́rùn.

1.

Ní Paso Hondo tiwa níbí, lápá àríwá Uruguay, kò sí ẹni tí kò mọ Evaristo. Ọdún mọ́kànlélógún ló fi ń kọ máàkì àwọn agbábọ́ọ̀lù ẹgbẹ́ Estrella sára pátákó dúdú kan nílé ọtí ẹgbẹ́ náà. Bí wọ́n bá ti gbá bọ́ọ̀lù tán lọ́jọ́ Àìkú, gbogbo wa á rọ́ lọ síbẹ̀. Evaristo á mú ṣọ́ọ̀kì, á fún ẹni yìí ní méje nínú mẹ́wàá, á fún tọ̀hún ní mẹ́rin. Àwọn agbábọ́ọ̀lù bẹ̀rù ṣọ́ọ̀kì yẹn ju kóòṣì wọn lọ. Ademar, ọmọ kan ṣoṣo tí Evaristo bí, wà lára wọn. Ọwọ́ ẹ̀yìn ló ti ń gbá.

2.

Ọjọ́ àṣekágbá ni, Estrella kojú Ferroviario. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí, rẹfirí fọn fèrè. Ó ní bọ́ọ̀lù kan Ademar lọ́wọ́ níwájú ilé Estrella. Pẹnáríti! Wọ́n gbá a wọlé, Estrella sì pàdánù pẹ̀lú góòlù kan sí òdo.

Ẹ wá wo ariwo nílé ọtí.

"Olè ni rẹfirí yẹn! Àyà ni bọ́ọ̀lù bà, ojú mi báyìí ló ṣe!" Bàbá arúgbó kan ló ń pariwo bẹ́ẹ̀.

"Ojú yín wo?" Elida, obìnrin tó ni ilé ọtí náà, dá a lóhùn. "Ẹ̀yin tí ẹ kí mi láàná pé 'ẹ káàárọ̀, sà'?"

Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Evaristo kò rẹ́rìn-ín. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ ọ́: Rẹfirí, òdo. Tabaré, aṣọ́lé, méjì. Ademar, mẹ́sàn-án.

Tabaré fò dìde. "Bàbá, méjì kẹ̀? Èmi tí mo mú bọ́ọ̀lù márùn-ún dání?"

"Aṣọ́lé gidi ì bá mú ẹlẹ́ẹ̀kẹfà. Jókòó."

Ademar bá sọ̀rọ̀ níbi tó jókòó sí. "Bàbá, ẹ pa mẹ́sàn-án yẹn rẹ́. Ọwọ́ mi ló bà. Mo na ọwọ́ sí i."

Gbogbo ojú yí sí Evaristo.

"Ta ló bi ọ́?" ni Evaristo wí.

"Kò sẹ́ni tó bi mí. Rẹfirí kò jẹ̀bi ni."

Evaristo ló ń bu maté lọ́jọ́ náà, omi ewé gbígbóná tí a jọ máa ń mu níbí nínú akèrègbè kan ṣoṣo tó ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó bu omi gbígbóná sí i, ó gbé e fún ẹni tó jókòó lápá ọ̀tún Ademar. Nígbà tó padà dé ọwọ́ rẹ̀, ó bu òmíràn, ó gbé e fún ẹni tó wà lápá òsì. Ó fo ọmọ rẹ̀! Níbí, ẹni tí ẹ jọ ń jà pàápàá, ẹ kì í fò ó. Ó dùn mí dọ́kàn lọ́jọ́ náà.

3.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ pátápátá nìyí. Evaristo ni aṣojú ẹgbẹ́ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ líìgì. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ ìwé ẹ̀sùn pé rẹfirí ṣe màgòmágó, pé Ademar fúnra rẹ̀ búra pé bọ́ọ̀lù kò kan òun lọ́wọ́. Ó gbé e lọ bá ọmọ náà.

"Buwọ́ lù ú."

"Mi ò ní buwọ́ lu irọ́, Bàbá."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni? Ogún ọdún ó lé, mi ò ṣì í rí!"

"Ẹ ti ṣì í báyìí."

Ọmọ náà kò yẹhùn. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí bàbá yìí ṣe? Ó jókòó, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ buwọ́ lùwé lórúkọ ọmọ rẹ̀.

4.

Ìgbìmọ̀ pe àwọn méjèèjì. Alága na ìwé náà sí Ademar. "Ṣé ìwọ lo buwọ́ lu èyí?"

Evaristo ranjú mọ́ ọmọ rẹ̀. Ademar náà wo bàbá rẹ̀ lójú, kò sì gbójú kúrò.

"Èmi kọ́, sà. Bọ́ọ̀lù náà sì kàn mí lọ́wọ́."

Nítorí ìwé èké yẹn, wọ́n lé Estrella kúrò nínú líìgì fún ọdún kan gbáko. Tabaré gba ẹgbẹ́ mìíràn lọ. Àwọn tó ń pariwo "olè" lọ́jọ́sí ni wọ́n kọ́kọ́ bú Evaristo. Elida nìkan ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan: "Lọ bẹ ọmọ rẹ. Kò tíì pẹ́ jù."

Kàkà kó bẹ̀ ẹ́, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Lójú gbogbo wa, lójú Ademar, ó kọ ọ́ gàdàgbà: Ademar, òdo.

Ademar kò sunkún. "Ó dáa, Bàbá," ló wí. "Òdo tí mo sọ òótọ́ gbà tó mi." Ó jáde, ó fi ìlú sílẹ̀ lọ́sẹ̀ náà.

Ọdún kẹta, Ademar bí ọmọbìnrin. Nídìí káńtà Elida ni Evaristo ti gbọ́, lẹ́nu àlejò kan tó ń kọjá lọ. Elida bi í bóyá kò ní lọ wo ọmọ-ọmọ rẹ̀.

"Ẹ lọ bi rẹfirí," ló wí, ó sì kọjú sí ògiri.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò ní kí ẹ má jiyàn bọ́ọ̀lù o. Ẹ pariwo, ẹ fún ẹni tó bá wù yín ní òdo, èmi náà ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ṣì í, ẹ gbà pé ẹ ṣì í. Ẹ má sì ní kí ọmọ yín parọ́ nítorí kí ojú má bàa tì yín. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a.